Súwíìsì Tó Ń Jábọ́ Láàárọ̀

Òórùn tí mo fi ń rántí ilé wa ní Arkilla ni ti iyanrìn gbígbẹ tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn, tí ọṣẹ dúdú àti àdín sì wọ̀ lára. Ìwọ tí o gbé Sókótó rí, o mọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe máa ń rí nígbà ooru. Bí o bá da omi sí i, á kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ bí ẹni tó sùn tí wọ́n pè lójijì, lẹ́yìn náà á gbé omi náà mì, kó tó di ọ̀sán, o ò ní mọ ibi tí o dà á sí mọ́. Ìyá ìyàwó mi ló ń da omi náà. Ọ̀yọ́ ló ti wá, nínú bọ́ọ̀sì tó sọ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú. Ẹrù rẹ̀ kún fún ọṣẹ, àdín, kànìnkànìn àti ewé gbígbẹ, nítorí ó dá a lójú pé kò sí ohun tó ń jẹ́ ọṣẹ gidi mọ́ bí èèyàn bá ti kọjá Jẹ́bà.

Ilé ìjọba ni ilé náà. Àwọn òyìnbó kan tó wá ṣe títì ló kọ́ ọ fún ara wọn. Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n fi nǹkan méjì tí kò sí nílé ẹlòmíràn sílẹ̀ fún wa: baafù funfun gbàgìdì kan tí n kò rí omi ẹ̀rọ nínú rẹ̀ rí, àti súwíìsì aláàbò kan nínú àpótí lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gbogbo iná tó wọ ilé ló ń gba abẹ́ súwíìsì yìí kọjá. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Àwọn darandaran tó ń kó àgbò wá sí ọjà ẹran ní Kasuwar Kara máa ń kà wọ́n bí wọ́n bá ń dà wọ́n lọ jẹko láàárọ̀, wọ́n á tún kà wọ́n bí wọ́n bá ń wọlé nírọ̀lẹ́. Bí súwíìsì náà ṣe ń ṣe sí iná nìyẹn. Èyí tó jáde gbọ́dọ̀ bá èyí tó padà wá dọ́gba. Bí díẹ̀ bá sọnù lọ́nà, ìyẹn bí ó bá gba ara èèyàn kọjá tàbí tó wọ ilẹ̀ lọ, súwíìsì á jábọ́, á ní "kà!", iná gbogbo ilé á sì kú kí ẹnì kan tó kú.

Nísinsìnyí ni mo mọ èyí o. Nígbà náà, ohun tí mo mọ̀ kò ju dìgírì nínú ẹ̀kọ́ ìtàn lọ, èyí tí mo fi ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di olùkọ́ nípa àwọn ọba tó ti kú. Mo ti gbé dìgírì náà sínú férémù, mo sì gbé e kọ́ sára ògiri kan náà pẹ̀lú súwíìsì. Àwọn méjèèjì kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ rí.

Ọmọ tí a bí ní Sókótó kọ́ ni àkọ́bí wa. Ìbàdàn la bí àkọ́bí sí, ní ilé ìwòsàn ńlá kan. Ọkùnrin ni. Kò pẹ́ lọ́wọ́ wa. Dókítà sọ orúkọ gígùn kan tó ní ó pa á, mo sì gba orúkọ náà, nítorí irú mi máa ń gba ohunkóhun tó bá gùn. Ìyá ìyàwó mi ní ohun tí òun náà gbà. Ní ọjọ́ tí a bí ọmọ yẹn, ó béèrè olóbi rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, ìyẹn ibi ọmọ, tí wọ́n ń pè ní èkejì ọmọ nílé wọn. Wọ́n sọ fún un pé wọ́n ti dà á nù. Ó béèrè ibi tí wọ́n dà á sí. Kò sẹ́ni tó mọ̀. "Ọmọ tí èkejì rẹ̀ kò nílé," ó ní, "níbo ni òun náà fẹ́ jókòó sí?" Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sọ ọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ọmọ náà lọ, mo ń gbọ́ ọ nígbàkígbà tí ìyá yìí bá dákẹ́.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà tí ìyàwó mi tún lóyún ní Sókótó, ìyá rẹ̀ ti dé kí ìrọbí tó dé. Ó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn pẹ̀lú ìkòkò kékeré kan lórí orúnkún, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé e. Nọ́ọ̀sì ọmọ Hausa kan ló jáde wá, ó gbé ohun tó ń dúró dè fún un láìjanpata. "Ga shi, Mama," ó ní, ìyẹn ni pé kó gbà á. Àwọn náà ń sin ti wọn nílé, kò sí ohun tó fẹ́ béèrè. Obìnrin la bí. Ìyá àgbà kọ́kọ́ wo inú ìkòkò kó tó wo ojú ọmọ.

Nígbà tí a délé, kò jẹ́ kí n bá òun gbẹ́ ilẹ̀. Ó ní ọwọ́ tó mọ ṣọ́ọ̀kì dì mú kò lè mọ ọkọ́ dì mú. Mo dúró lójú fèrèsé mo ń wò ó. Ilẹ̀ àgbàlá náà le bí ìpìlẹ̀ ilé. Ó gbìyànjú lẹ́bàá ọgbà lọ́nà ìta, níbi tí igi dongoyárò wà, ọkọ́ ta padà. Ó gbìyànjú lẹ́yìn ilé, ọkọ́ ta padà. Nígbẹ̀yìn, ó rí ojú kan láàárín ilé ńlá àti ilé ìdáná tó dá dúró lẹ́yìn, tí ilẹ̀ rẹ̀ rọ̀, tó gba ọkọ́ bí ẹni pé ó ti ń retí rẹ̀. Ó gbẹ́ ẹ. Ọkọ́ kan nǹkan kan bí egbò igi, ó ṣá a díẹ̀, egbò náà kò gé, ó sì gbé ìkòkò náà jókòó tì í, ó bò ó mọ́lẹ̀. Ó pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Nígbà tó dìde, ojú rẹ̀ rí bí ojú ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ibi sọ ẹrù kalẹ̀.

Orí ilẹ̀ yẹn ló ti ń wẹ ọmọ láti ọjọ́ náà, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wọn. Kí oòrùn tó gorí ògiri, á gbé àpótí ìjókòó síbẹ̀, á bọ́ bàtà, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á tẹ́ ọmọ lé wọn. Omi ìwẹ̀ ọmọ á máa ṣàn lọ bá èkejì rẹ̀ nísàlẹ̀. Ọmọ á ké, ìyá àgbà á máa kì í, á na apá rẹ̀, á na ẹsẹ̀ rẹ̀, á sọ ọ́ sókè díẹ̀, á tún gbà á mú.

Ọ̀sẹ̀ tí ọmọ wọlé náà ni súwíìsì bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Láàárọ̀, nígbà tí gbogbo wa bá ń sáré, tí mo ń wá ìbọ̀sẹ̀, tí ẹnì kan ń lọ aṣọ, tí rédíò ń ka ìròyìn, a ó gbọ́ "kà!" Fáànù á falẹ̀, á dúró. Mo máa gbé súwíìsì náà sókè, á tún já. Mo tún gbé e, ó tún já. Mo máa fi í sílẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ pẹ̀lú ìbínú. Bí mo bá dé lọ́sàn-án tí mo tún gbé e, á dúró wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni tí kò ṣẹ̀ rí, á sì dúró bẹ́ẹ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ìwọ náà mọ irú ooru tí mò ń sọ, èyí tí ògiri fi ń gbóná débi pé èèyàn ò lè fara tì í. Ìyàwó mi kò tíì le dáadáa. Ara ọmọ sú kanlẹ̀ fún ooru. Láàárọ̀ títí di ọ̀sán, ìyá àgbà á máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, bí apá kan bá rẹ̀ ẹ́, á fi apá kejì fẹ́. Mo ti rí i tó ń fetí sí èémí ọmọ náà bí ẹni ń gbọ́ ọ̀rọ̀ láti yàrá kejì. Ọmọ tuntun tó ti ní ẹ̀gbọ́n lábẹ́ ilẹ̀ kì í ṣe ọmọ tí èèyàn ń fi ooru dán wò.

Mo wá sọ ara mi di ọlọ́pàá. Ní àárọ̀ Sátidé kan, mo yọ fíríìjì kúrò lára iná, súwíìsì já. Mo yọ àyọ́ọ̀nù, mo yọ rédíò, mo yọ fáànù, mo tò wọ́n sí pálọ̀ bí àwọn afurasí, súwíìsì ṣì ń já. Mo gun orí àga, mo tú gbogbo gílóòbù. Kò sí ohun kan nínú ilé náà tó ń jẹ iná mọ́, síbẹ̀ súwíìsì já. Ìyá àgbà gbé ọmọ wọlé láti ibi ìwẹ̀, ó rí mi láàárín ẹrù, ó ní, "Àna mi, ṣé à ń kó lọ ni?"

Àwọn ará ilé wa tó wà ní Sókótó ń wá kí wa kú ewu ọmọ, o sì mọ̀ pé ọmọ Yorùbá tó bá wà ní ìlú òkèèrè kì í gbọ́ ìṣòro kó sọ pé òun kò mọ oògùn rẹ̀. Ọ̀gá kan ní báńkì, tó ti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù fún kọ́ọ̀sì kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má gùn tó ìrìn àjò rẹ̀, wo fíríìjì wa láti òkè dé ilẹ̀. "Nígbà tí mo wà ní Lọ́ńdọ̀nù," ó ní, "irú èyí ti lọ sí ibi tí wọ́n ń kó àwọn ohun àtijọ́ sí." Ọ̀gá kan láti ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú ilé ìjọba náà wá, pẹ̀lú táì lọ́rùn nínú ooru yẹn. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wo ògiri náà sàn, ó ní àwọn máa gbé e yẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá a ní ohun mímu tó tutù. A gbé èyí tó lọ́wọ́ọ́rọ́ fún un. Kò tíì padà wá.

Oníná tí mo wá lọ pè, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Sama Road, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń lẹ táyà. Ó ti pẹ́ ní Sókótó débi pé Hausa máa ń wọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìkanlẹ̀kùn. Kì í ṣe ẹni tó ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Bó ṣe ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ló ti ń sọ iye ọ̀gágun àti alájì tí òun ti ṣe iná ilé wọn. Ọ̀sán ló máa ń ráyè wá, lọ́sàn-án sì rèé, kò sí ohun tó ń ṣe súwíìsì. Ó tú gbogbo ilé wò, ó yọ fíúsì kọ̀ọ̀kan, ó dá a padà. Súwíìsì dúró.

"Tíṣà, níbo ló ti ń jábọ́? Wallahi, ó dúró ju sójà lọ."

"Láàárọ̀ ló máa ń já."

"Hábà! Iná kì í wo aago." Ó fi ìka kan súwíìsì náà bí ẹni ń ta ọmọ létí. "Ohun tó ń ṣe eléyìí ni ojo. Òyìnbó ló ṣe é fún ara wọn, àwọn tí eṣinṣin ń bà lẹ́rù. Ẹ jẹ́ kí n yọ ọ́ kúrò lọ́nà, kí n so wáyà mọ́ wáyà, dáírẹ́ẹ̀tì. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ nílé púpọ̀ ní Arkilla yìí. Ẹ gbọ́ ọ rí pé ẹnì kan kú?"

Láti inú yàrá ni ìyá àgbà ti dáhùn. "Àna mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó yọ ọ́. Ooru yìí fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ mi."

Mo gbà. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Oníná ní òun máa mú wáyà tó nípọn wá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì.

Ọjọ́ kejì yẹn, ìjì eruku ni a jí bá. Ojú ọ̀run pupa, a ò rí ilé ìdáná láti ilé ńlá. Ìyá àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn pẹ̀lú korobá omi lọ́wọ́, ó ń wo ìta bí ẹni tí wọ́n ní kó má lọ sí ọjà rẹ̀. Nígbẹ̀yìn ó wẹ ọmọ nínú baafù àwọn òyìnbó, ó ń kùn pé omi ọmọ òun ń lọ sí ibi tí òun kò mọ̀. Mo lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí mo padà dé, fáànù ń yí, omi inú fíríìjì tutù débi pé ó dun eyín mi.

Ìyàwó mi jókòó sórí ibùsùn, ọmọ ń mu ọyàn. "Kò já lónìí," ó ní.

Mo ní bóyá ó ti gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀ wá yọ ọ́.

Kò rẹ́rìn-ín. "Láti àárọ̀ ni mo ti ń rò ó. Kí la ṣe lánàá tí a ò ṣe lónìí? Fíríìjì wà níbẹ̀. Mo lọ aṣọ. Rédíò sọ̀rọ̀ títí ó fi sú mi." Ó wo ojú fèrèsé. "A ò wẹ ọmọ níta."

Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀. Mo bi í pé ṣé súwíìsì ń jowú ọmọ ni. A ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ náà nígbà tí oníná wọlé pẹ̀lú ìká wáyà léjìká, ó kí wa, ó lọ tààrà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ṣí àpótí. Ìyàwó mi gbé ọmọ, ó fi ọwọ́ kan tọ ògiri títí tó fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ dúró ná, ẹ jọ̀ọ́. Ǹjẹ́ omi lè mú un já?"

"Omi wo, ìyàwó wa? Omi kò dé ibí."

"Omi tí Màmá fi ń wẹ ọmọ lẹ́yìnkùlé."

Ìyá àgbà tó wà lórí ẹní gbé ojú sókè. Inú bí i díẹ̀. "Kí ló kan omi ọmọ? Ibi tí mo ti ń wẹ̀ ẹ́ dára. Ilẹ̀ tó gba ohun tí a fún un ni. Mi ò tiẹ̀ fẹ́ sọ ọ́." Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ ju kó pa á mọ́ lọ. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ó ń kí mi."

"Ta ni, Màmá?"

"Èkejì ọmọ. Bí omi bá ti wọlẹ̀ lọ bá a, á ta mí lẹ́sẹ̀, ṣín-ín, bí ìgbà tí ẹsẹ̀ bá kú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí. Kì í pẹ́, á dákẹ́. Ó lè tún ta mí lẹ́ẹ̀kan sí i, á tún dákẹ́. Èmi náà á dá a lóhùn. Mo máa ní, 'O káàárọ̀ o, jókòó jẹ́ẹ́ síbẹ̀.'" Ó wo ọmọ tó wà lápá ìyàwó mi. "Ti Ìbàdàn kò kí mi rí."

Ọ̀rẹ́, ohun tí n kò lè gbàgbé ni bí inú rẹ̀ ṣe dùn tó nígbà tó ń sọ ọ́. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tí mo gbé súwíìsì yẹn sókè láàárọ̀ pẹ̀lú ìbínú, ẹnì kan lẹ́yìnkùlé ń rí ìkíni gbà.

Oníná ti dẹwọ́. Ohùn gíga tó gbé wọlé ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Màmá, nígbà tí ẹ ń gbẹ́ ilẹ̀ yẹn, ọkọ́ yín kan nǹkan kan?"

"Egbò igi ni."

"Igi wo?"

Gbogbo wa yí ojú sí fèrèsé. Ìjì ti rọlẹ̀. Láàárín ilé ńlá àti ilé ìdáná, ilẹ̀ tẹ́jú, ó pupa, kò sí ewé kan lórí rẹ̀. Igi dongoyárò wa wà lápá kejì ilé, lọ́nà ìta.

"Wáyà ilé ìdáná ni," oníná ní. Ó ṣàlàyé rẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń túfọ̀. Àwọn òyìnbó kọ́ ló kọ́ ilé ìdáná yẹn, àwọn òṣìṣẹ́ tó dé lẹ́yìn wọn ló fi kún un, wọ́n sì gba abẹ́ ilẹ̀ gbé iná lọ síbẹ̀. Wáyà tó yẹ kí wọ́n rì sí kòtò jíjìn, iyanrìn díẹ̀ ni wọ́n fi bò ó, bẹ́ẹ̀ ó dájú pé kòtò jíjìn ni wọ́n sọ fún ọ̀gá pé àwọn gbẹ́. Ìdí tí ilẹ̀ ojú ibẹ̀ fi rọ̀ nìyẹn. Ọkọ́ ti bó ara wáyà náà. Bí iyanrìn bá gbẹ, kò sí wàhálà. Bí omi bá kàn án, iná á jáde wọ ilẹ̀, súwíìsì á rí i pé àgbò kan ti sọnù, á jábọ́. Lọ́sàn-án tí òun máa ń wá, Sókótó ti mu omi náà tán. "Tí mo bá yọ súwíìsì yìí nírọ̀lẹ́ òní," ó ní, "láàárọ̀ ọ̀la, tí Màmá bá gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, tí omi..." Ó wo ọmọ, ó wo wáyà tó wà léjìká rẹ̀, ó sì rọra gbé e sílẹ̀ bí ẹni tó bá ejò lára aṣọ.

Ìyá àgbà kò pariwo. Ó jókòó sójú kan náà, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú, ó ń wò wọ́n.

"Ta ló wá ń kí mi láti ọjọ́ yìí?"

Oníná ló ní ìgboyà láti sọ ọ́. "Iná ni, Màmá."

"Iná." Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sábẹ́ ìró. "Mo sì ti ń dá a lóhùn."

Oníná rò pé ibi tó le jù ti kọjá. Ó jáde, ó rí ọkọ́ lára ògiri, ó gbé e, ó ní kí òun hú wáyà náà jáde kí òun tún un ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìyá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú yìí, n kò mọ bó ṣe dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ó dúró sórí ilẹ̀ náà.

"O ò ní hú u."

"Màmá, mi ò ní fọwọ́ kan ìkòkò yín. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo máa gbà."

"Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wáyà wà. O fẹ́ hú èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìmì í?"

"Hábà, Màmá! Iná ni mò ń wí o! Iná tó ń pààyàn!"

"Mo ti gbọ́. Ti Ìbàdàn, wọ́n dà á nù. Ti èyí, ẹ fẹ́ hú u. Níbo ni ọmọ mi fẹ́ wá jókòó sí?" Ó yíjú sí mi. "Àna mi, ẹ̀yin lẹ kàwé. Ẹ sọ fún mi."

Ọ̀rọ̀ kún ẹnu mi. Yunifásítì ti kọ́ mi ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, mo sì máa ń fi í pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín ní yàrá àwọn olùkọ́. Mo la ẹnu. Mo wo ìyàwó mi, ẹni tí òun náà ní dìgírì, ẹni tó fi làákàyè lásán rí ohun tí gbogbo wa kò rí. Ó di ọmọ náà mọ́ àyà, ó ń wo ọkọ́ tó wà lọ́wọ́ oníná, ó sì ń mi orí. Mo wá wo inú ara mi. Ọ̀rẹ́, mo wá a dé ìsàlẹ̀. Èmi náà kò fẹ́ kí wọ́n hú u.

"Bí a bá fi wáyà náà sílẹ̀ síbẹ̀ ńkọ́," mo ní, "ṣùgbọ́n tí a gé e kúrò lára iná pátápátá, níbí àti ní ilé ìdáná?"

Oníná rò ó. "Ilé ìdáná á wà láìníná."

"Kó wà láìníná."

"To," ó gbà, ó gbé ọkọ́ padà sára ògiri. "Á di egbò lóòótọ́ nìyẹn."

Kò gbà á lákòókò púpọ̀. Ó tú u kúrò nínú àpótí, ó tú u kúrò ní ilé ìdáná, ó fi rọ́bà dí ẹnu rẹ̀ méjèèjì, ó ká a pamọ́. Mo dúró nídìí súwíìsì, oníná da korobá omi kan sójú ilẹ̀ náà, ó tún da òmíràn. Súwíìsì kò mì. Ó ki ẹnu tésítà tó fi ń wá iná bọ iyanrìn tútù yẹn níwájú ìyá àgbà, iná orí tésítà kò tàn.

"Màmá, ó ti kú."

"Má pè é bẹ́ẹ̀."

Oníná tẹrí ba. "Ó ti sùn, Màmá."

Láti ọjọ́ náà súwíìsì kò já mọ́. Kí ọ̀sán tó pọ́n la máa ń se oúnjẹ tán, bí ilẹ̀ bá sì ṣú lójijì, àtùpà wà. Ara ọmọ jọ̀lọ̀. Ó ti di ìyá ọmọ lónìí, ó sì máa ń sọ pé ooru kì í ṣe òun ní nǹkan kan.

Mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn kan tó rò pé ìyá arúgbó ni mò ń fi ṣẹ̀sín, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Mo ti sọ ọ́ fún àwọn mìíràn tó gbà pé mo ń fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òyìnbó kò mọ nǹkan, àwọn náà rẹ́rìn-ín. Ìwọ mọ̀ pé kì í ṣòro fún mi láti rí ẹni tí mo máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ọ̀rọ̀, wọ́n sì pọ̀ nínú èyí, láti orí ọ̀gá onítáì dé orí àwọn tó gbẹ́ kòtò jíjìn sórí ìwé. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé ọ̀dọ̀ ìyá náà, ẹnu mi máa ń wúwo. Tésítà nìkan kò tó fún un o. Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, kò gbé ọmọ jáde. Ó gbé korobá nìkan. Ó da omi sílẹ̀, ó dúró kó wọlẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì dúró lórí ilẹ̀ tútù náà láìsọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe láràárọ̀ títí tó fi padà sí Ọ̀yọ́. A bẹ̀ ẹ́ pé kó máa wẹ ọmọ nínú ilé, ó kọ̀. Èmi á wà lójú fèrèsé, mo máa ń rí ẹ̀yìn rẹ̀, bó ṣe tẹ orí sílẹ̀ díẹ̀. Ohun kan náà tó fi ayọ̀ gbọ́ tẹ́lẹ̀ ló ń fetí sí, ó wá ń bẹ Ọlọ́run kí òun má gbọ́ ọ mọ́. Mo ti bá ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé jókòó láti ìgbà yẹn, n kò tíì rí ẹni tó fi ohun tó dá a lójú tó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láìbá ẹnikẹ́ni jà. Bí ilẹ̀ bá ti dákẹ́ fún un títí tó fi dá a lójú, á jókòó, á na ẹsẹ̀, á na ọwọ́ sẹ́yìn láìwo ẹnikẹ́ni nínú wa, á ní, "Ẹ gbé e wá."